Ìgò Tí Àwòdì Fi Pamọ́

“Bó o bá ń bọ̀ lọ́la, bá mi ra ìgò kan sí i. Má jẹ́ kí ìyàwó mi rí i.”

Ohun tí Àwòdì bá àbúrò rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kú. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó ń fi ọwọ́ kejì tú okùn bàtà, ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ní kí wọ́n bá òun ra ìṣáná. Àbúrò ní òun ti gbọ́. Wọ́n pínyà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, Àwòdì ti kú.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àkọ́bí àti àbígbẹ̀yìn. Ọdún méjìlélógún ló wà láàárín wọn. Nígbà tí ìyá wọn kú, àbígbẹ̀yìn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, àkọ́bí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni. Ìyàwó tuntun bá ọmọ nílé ọkọ kó tó bí tirẹ̀. Kò bínú. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Ọkọ Kékeré, torí ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, bó ṣe wù kó kéré tó, ọkọ ni. Orúkọ náà ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n ọmọ.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti gba orúkọ yòókù. Kíréènì ni ẹ̀gbọ́n ń wà, èyí tó ga ju ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ, tí apá rẹ̀ ń yí lójú ọ̀run bí ọwọ́ aago. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, wọ́n bá sọ ọ́ ní Àwòdì. Àbúrò fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, ó ṣe lébìrà fún ọdún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n wá gbà á sídìí iṣẹ́ pé kó máa dúró nísàlẹ̀, kó máa fi ọwọ́ júwe ẹrù fún òun. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú orúkọ tí yóò jẹ́. Ará Ilẹ̀ ni.

Ìka kan sókè, kó máa yí: gbé e. Ìka kan sílẹ̀: sọ̀ ọ́. Apá nínà, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀: dúró. Rédíò wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, àmọ́ bátìrì a máa kú, ọwọ́ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é báyẹn, irin kan ò já lé ẹnikẹ́ni lórí. Àwòdì a máa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, á sì sọ òbítíbitì irin kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní.

Ẹni tó bá ń wo kíréènì láti ìsàlẹ̀ á rò pé ọba ló wà nínú àpótí gíláàsì yẹn. Kì í ṣe ọba. Àpótí náà ò fẹ̀ ju ilé ìwẹ̀ lọ. Àga kan, ọ̀pá méjì fún ọwọ́ méjì, gíláàsì lábẹ́ ẹsẹ̀ tí èèyàn fi ń wo ilẹ̀ láàárín orúnkún ara rẹ̀. Àtẹ̀gùn irin tí wọ́n ń gùn débẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún ní aago méje àárọ̀, aago méjìlá ló tó ń sọ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lókè. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n èèyàn, kó pa á mọ́ra. Kọnkéré tí wọ́n ti pò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn awakíréènì mìíràn a máa mú ìgò òfìfo gòkè fún ìtọ̀. Ojú ń ti Àwòdì. Ó ní òun ò lè gbé ìtọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú àwọn ọmọ tó ń pe òun ní bọ̀ọ̀dá. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kò ní mumi. Látìgbà tó bá ti jí, omi ò ní kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí aago méjìlá, bí oòrùn bá fẹ́ kó yan án nínú gíláàsì yẹn bí àgbàdo. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi dá ọgbọ́n yìí.

Ìgbẹ́ tí à ń lé padà lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní yọjú mọ́. Inú Àwòdì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ọjọ́ mẹ́ta á lọ, mẹ́rin á lọ. Á wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, á pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ á máa kanlẹ̀kùn. Bó bá jáde, iṣan ọrùn rẹ̀ á ti le kankan, kò sì rí nǹkan kan ṣe. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, pajápajá á mú un lẹ́sẹ̀, á máa fi ọwọ́ gbo ojúgun bí ẹni tó ń fọṣọ.

Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà ló dárúkọ oògùn náà lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fi inú ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Magnésíọ̀mù sítíréètì. Olómi ni, nínú ìgò ńlá, ó ń ta lẹ́nu bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n bu iyọ̀ sí. Àwòdì gbọ́, kò dá sí i. Nírọ̀lẹ́ ó pe àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kó lọ bá òun rà á, ṣùgbọ́n kó sọ fún wọn pé òun Ará Ilẹ̀ ni inú há. Ó ní ọmọdé ni, kí ni ojú máa tì í fún.

Obìnrin kan ló ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkòríta. Ó máa ń gbé awò ojú sórí irun, bí ẹni tí àtàrí rẹ̀ náà fẹ́ ríran. Kò kàn gbé oògùn fún èèyàn, ó bi í léèrè. Ọmọ ọdún mélòó ni? Mẹ́rìnlélógún. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí inú ti há? Mẹ́rin. Ṣé inú ń run ún, ṣé ó ń bì? Rárá. Ṣé oògùn mìíràn wà tó ń lò? Rárá. Ọkàn rẹ̀ ńkọ́? Ó dáa. Kíndìnrín ńkọ́, ṣé wọ́n ti sọ fún un rí pé kíndìnrín rẹ̀ ní wàhálà? Rárá.

Ará Ilẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ lóhùn wéré, bí ọmọ tó mọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ọjọ́ mẹ́rin yẹn, kò purọ́ kankan. Àfi pé ara tirẹ̀ ló fi ń dáhùn.

Obìnrin náà wá ṣàlàyé. Ó ní oògùn yìí ń fa omi láti ara wá sínú ìfun ni, òun ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, nítorí náà kó fi omi tó pọ̀ tì í. Ó ní kì í ṣe oògùn ojoojúmọ́. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ kan tí inú ò yé há, dókítà ló kàn. Ó ní iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ kúrò lára, òun ló jẹ́ kí òun béèrè kíndìnrín.

Nígbà tí Ará Ilẹ̀ délé, ó jíṣẹ́ omi. Ó jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Kò jíṣẹ́ kíndìnrín. Wọ́n ti bi í, ó ti dáhùn, ó ti tán. Ta ló ń ru ìbéèrè tó ti dáhùn relé?

Oògùn ṣiṣẹ́. Àwòdì sọ ọ́ di ti òpin ọ̀sẹ̀. Á gbé ìgò dà sọ́nà ọ̀fun ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì tàbí ní kùtù Àbámẹ́ta, á jókòó sílé, nígbà tí Ọjọ́ Ajé bá fi dé, ara rẹ̀ á ti fúyẹ́. Ó ń fi ìgò pamọ́ sínú àpò irinṣẹ́. Ará Ilẹ̀ ló ń bá a gbé òfìfo dànù.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di Àbámẹ́ta kan. Àwòdì ti gbé odidi ìgò mì láàárọ̀, ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà ni fọ́máànù ránṣẹ́ pé ọkọ̀ tó kó irin dé, kí gbogbo èèyàn máa bọ̀. Ó yẹ kó ní ara òun ò yá. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn.

Ní aago mẹ́sàn-án, ìdì irin kan wà lágbede méjì ọ̀run òun ayé, kò lọ, kò bọ̀. Ará Ilẹ̀ ń yí ìka, ẹrù ò mira. Ohùn kan wá jáde nínú rédíò, tínrín, bí ohùn ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

“Ará Ilẹ̀, kó gbogbo èèyàn kúrò lábẹ́ ẹ̀.”

Ó sọ irin náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń ya Ará Ilẹ̀ lẹ́nu títí di òní nìyẹn. Ẹ̀yìn náà ni Àwòdì fúnra rẹ̀ wá sọ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó gba iwájú fọ́máànù kọjá láìkí i. Fọ́máànù fi ojú tẹ̀lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Àwòdì rí adìyẹ nìyẹn.” Wọ́n fi rẹ́rìn-ín fún oṣù kan gbáko. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń sáré kọjá níbi iṣẹ́, wọ́n á ní ó rí adìyẹ.

Àwòdì bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà kò mu odidi ìgò mọ́. Ó ní òun á máa pín in sí wẹ́wẹ́. Ṣíbí méjì láàárọ̀, lójoojúmọ́. Láìpẹ́ sígbà náà, Ará Ilẹ̀ rí agolo oògùn oníhóró kan lórí káńtà obìnrin olóògùn. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé orúkọ kan náà ni. Obìnrin náà ní òótọ́ ni, àmọ́ ìwọ̀n kékeré ló wà nínú èyí, fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ò fún un ní èyí tó tó. Ó ní àwọn kan ń lò ó fún pajápajá, ó ń bá ẹlòmíràn lára mu, kò bá ẹlòmíràn mu. Ará Ilẹ̀ rà á. Àwòdì bá ń lo hóró lálẹ́, ó ń lo ṣíbí láàárọ̀. Ó ní kékeré rẹ̀ oúnjẹ ni, ńlá rẹ̀ ìgbálẹ̀ ni. Oúnjẹ lòun ń jẹ. Omi nìkan ni kò mu.

Ọdún kan ó lé ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Ará Ilẹ̀ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, obìnrin náà á ní, “Ìwọ náà ṣì ni?” Á ní òun náà ni. Obìnrin náà á ní inú tirẹ̀ yìí lágídí, kó lọ rí dókítà. Á ní òun ti gbọ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé wọ́n ní kì í ṣe fún ojoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n ní odidi ìgò ló ń sọ, ṣíbí ni tòun.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ará ilẹ̀ ń rí. Ó rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wú, bàtà ò gbà á mọ́ bí ọ̀sán bá pọ́n. Ó rí i tó ń sinmi lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí àtẹ̀gùn tó ti ń gùn láìsinmi rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, á na apá pé kó dúró, ìkọ́ kíréènì á ṣì rìn díẹ̀ kó tó dúró. Ó rò pé ojú òun ló ń tan òun. Ó rò pé àgbà ló ń dé. Ó tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí rédíò pé Àwòdì ń tòògbé lójú òfuurufú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Ará Ilẹ̀ yà ní ìkòríta, ó ra ìgò náà, ó kì í bọ àpò. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, apá kíréènì wà lójú kan, àpótí gíláàsì ṣófo. Fọ́máànù bi í pé níbo ni ẹ̀gbọ́n ẹ wà. Kò tíì dáhùn tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni. Ó ní òun ń jí i, ó ń lajú, ó tún ń padà sùn. Ó ní apá rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tútù.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kí ọ̀sán tó pọ́n. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ó tẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Àwòdì wò, ó fi òòlù kékeré kan gbá a lórúnkún, orúnkún ò ta. Ó bi wọ́n léèrè oògùn tó ń lò. Ìyàwó ní kì í lo oògùn kankan, kò fẹ́ràn oògùn. Dókítà yíjú sí Ará Ilẹ̀. Ìgò wà nínú àpò tó há mọ́ abíyá. Ó gbọ́ tí omi inú rẹ̀ ń mì. Ó wo ilẹ̀. Má jẹ́ kí ìyàwó mi rí i. Aago kan wà lókè ẹnu ọ̀nà, ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mọ́kànlá lù.

Nígbà tí ìyàwó lọ gba káàdì lójú fèrèsé, aago mọ́kànlá ti lù. Ará Ilẹ̀ sáré bá dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ ìgò, ó sọ nípa ṣíbí, ó sọ nípa hóró. Dókítà wo ìgò náà lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà, ó ń pe nọ́ọ̀sì kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa ń bá iyọ̀ náà jà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kíndìnrín méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀; iyọ̀ oògùn ò rí ibi gbà jáde, ó ti kún inú ẹ̀jẹ̀, ó ti ń fa ọkàn sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn mìíràn. Wọ́n ṣì ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ nígbà tí ọkàn náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ará Ilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni. Dókítà ní rárá, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ọdún ni. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní òun máa ṣàlàyé oògùn fún ìyàwó. Ará Ilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́. Dókítà gbà. Ó sọ ti kíndìnrín fún ìyàwó, ó fi ti ìgò sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá. Ará Ilẹ̀ ò sọ ọ́.

Kì í ṣe pé àyè ò sí. Ó ń sùn ní pálọ̀ wọn, lórí àga gígùn, torí pé àwọn ọmọ méjèèjì ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ni ìyàwó ń rò ó fún, ọ̀rọ̀ kan náà, bí ẹni tó ń ka ìwé. Á ní láti Ọjọ́rú ni oorun ti ń kun ọkọ òun. Á ní inú òun dùn sí i, òun ní kó sùn, òun ní iṣẹ́ ti jẹ ẹ́ lára jù. Òun tilẹ̀ pa iná fún un. Á ní òun tó yẹ kó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìrọ̀rí lòun ń tún ṣe sábẹ́ orí rẹ̀. Àlejò á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tọ́lọ́jọ́ bá dé bá, kò sí bí a ti ń ṣe é. Òmíràn á wọlé, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ará Ilẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi àlejò lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan ó kà á, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá gbé e ka orí ara rẹ̀, Ará Ilẹ̀ á mọ̀ pé ẹrù òun ló ń rù. Ẹnu rẹ̀ á yà, ohùn Àwòdì á sọ ọ́ sí i létí, má jẹ́ kí ìyàwó mi rí i, ẹnu á tún pa dé. Òkú ò ṣeé bẹ̀ kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó rìn dé ìkòríta. Obìnrin olóògùn rí i, ó nawọ́ sí ìgò kí ó tó sọ̀rọ̀. Ará Ilẹ̀ ní òun ò ra nǹkan. Ó ní ìbéèrè kan lòun bá wá. Ó ní ká ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ òun ti sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló fẹ́ lò ó, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tí kì í mumi, tí kò sẹ́ni tó tíì yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò rí, kí ni ì bá ṣe?

Obìnrin náà gbé awò kúrò lórí, ó wọ̀ ọ́ sójú, ó wo ọmọkùnrin yìí dáadáa.

“Ǹ bá má tà á. Ǹ bá ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.”

Ó bi í pé ta ló kú. Ará Ilẹ̀ ní kò séwu. Ó ń jáde ló rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ yẹn kì í ṣe èsì.

Ọ̀sán gangan ló padà délé. Àwọn àlejò àárọ̀ ti lọ, ti ìrọ̀lẹ́ ò tíì dé. Ìyàwó wà nínú yàrá tó ti ń ránṣọ, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kò lò láti ọjọ́ yẹn. Kò ránṣọ. Ó ń fi àlùmọ́gàjí kékeré já òwú tó yọ lára ṣòkòtò oníbàárà kan, ó ń já a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ará Ilẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, lórí búlọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń gbé ilẹ̀kùn dúró.

“Àǹtí, bọ̀ọ̀dá ń lo oògùn.”

Kò gbójú sókè. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọdún mọ́kànlélógún lòun fi fọ ṣòkòtò ọkùnrin náà, kí ló kù tóun ò mọ̀? Òun ti rí ìdérí ìgò nínú àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Mo rò pé oògùn ọkùnrin ni,” ó ní. “Mo ní bó bá wù ú á sọ fún mi. Dókítà wá béèrè, ìwọ náà sì dúró síbẹ̀. Ṣé kí n tú ẹ̀gbọ́n ẹ síta lójú ẹ? Mo ní kì í lo oògùn.”

Ará Ilẹ̀ ti lérò pé òun nìkan ló dákẹ́ nínú yàrá yẹn. Ó kù díẹ̀ kó dìde, torí ó fẹ́ jọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ ò tán. Èyí tó gbé wá kọ́ nìyẹn. Ó jókòó padà, ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀: pé òun lòun ń rà á, pé oògùn ìgbẹ́ lásán ni, nítorí inú tó há. Ó sọ ti ṣíbí, ó sọ ti hóró. Ó ní ìgò kan wà nínú àpò òun lójú dókítà. Ó ní obìnrin tó tà á fún òun ti béèrè gbogbo ohun tó yẹ kó béèrè, láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

“Kí ló bi ẹ́?”

“Ó ní ṣé kíndìnrín ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní rárá.”

“Kíndìnrín ta ni?”

“Tèmi.”

Ọwọ́ ìyàwó dúró lórí ṣòkòtò. Nǹkan kan jáde ní imú rẹ̀ tó jọ ẹ̀rín. “Ìgbẹ́,” ó ní. “Nítorí ìgbẹ́.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ tí kò mọ̀ rí. Ó ní ṣebí òun lòun ń se oúnjẹ tí ó ń jẹ, òun lòun ń fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ ló wá ku ohun tó ń fi pamọ́ fún òun. Ojú rẹ̀ kún, omi ò jábọ́.

Ará Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó fi ọwọ́ dá a dúró.

“Mi ò lè bá ẹ gbé e lónìí, Ọkọ Kékeré. Tèmi ṣì wúwo.”

Ó ká ṣòkòtò náà sí méjì, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wá, kó sọ fún wọn pé òun ń sùn. Ó wọ yàrá ibùsùn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò gbá a. Ará Ilẹ̀ dúró títí ó fi gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún lábẹ́ rẹ̀.

Kò mọ̀ bóyá kó lọ ni tàbí kó dúró. Kò tíì sí ẹni tó ní kó máa lọ. Ó wọ ilé ìdáná. Abọ́ àwọn àlejò àárọ̀ kún inú bèsìnnì, òróró ti dì lára wọn, eṣinṣin méjì ń rìn lórí ṣíbí. Ó gbé omi kaná. Ó ká apá aṣọ sókè, ó da ọṣẹ sí i, ó kó abọ́ bọ inú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ife. Ó ń gbé wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ ìnuwọ́ tó tẹ́, ó ń rọra ṣe é kí wọ́n má baà dún.